Ìtàn Tí Mo Kọ fún Abẹ́ Ọ̀dán

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Máàṣì, 1956
Wọ́n ti fi mí joyè. Ogún ọdún rèé tí Ìyá Àbọ̀kẹ́ ti ń ta ẹmu ní Abẹ́ Ọ̀dán, láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, àwa ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi Adégbénró kọ ìtàn ibẹ̀. Bàdírù ló dárúkọ mi — Bàdírù tí kì í mu ẹmu, ẹja díndín ló ń wá jẹ. Mo ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mo ti ra íǹkì.
Èèwọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀: a kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìlú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì
Mo bi Ìyá Àbọ̀kẹ́ léèrè ẹni tó fún ọkọ rẹ̀ olóògbé nílẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, ṣé kí òun bu ẹmu sí i? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ orí ti ń mú un gbàgbé. Ọ̀mọ̀wé ni mí.

Ọjọ́rú, 7 Máàṣì
Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Ìfọ́n. Bàbá Fátóyè ní bàbá òun ló fún wọn nílẹ̀. Mo kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8 Máàṣì
Ìlọ́bù. Bàbá Sàlàkọ́ ní bàbá tòun ni. Ẹ̀rí méjì! Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Mo kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì
Ọjọ́ ayẹyẹ. Mo ka ìtàn náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn ní Abẹ́ Ọ̀dán. Èmi náà ni mo pe bàbá méjèèjì wá jókòó síwájú. Mo dé ojú ìwé kejì, wọ́n dìde. Wọn ò jà. Kálukú kàn ní akọ̀wé ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ òun ni, ó sì lọ. Èmi ṣì dúró, mò ń retí àtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Máàṣì
Bàbá Fátóyè ti gbin pèrègún ààlà sí apá Ìlọ́bù. Bàbá Sàlàkọ́ gbin tirẹ̀ sí apá Ìfọ́n. Àtíbàbà ẹmu wà láàárín, ó di ti àwọn méjèèjì. Adẹ́mu ní òun ò ní í gbé ẹmu wá síbi tí wọn yóò ti pe òun ní ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Máàṣì
Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Bàdírù pàápàá.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Máàṣì
Mo lọ bẹ Ìyá Àbọ̀kẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ń di akèrègbè sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ẹ̀rìn. Mo fa ìwé náà ya lójú rẹ̀. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, ẹyin lohùn, gbogbo wọn ti gbọ́. Ojú tì mí gan-an.
Ó wá sọ pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n. Ogún ọdún lòun fi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, kí ará Ìfọ́n àti ará Ìlọ́bù lè máa mu nínú igbá kan náà.
Mo bá a gbé apẹ̀rẹ̀ dé ìdí lọ́rì. Ó bi mí bóyá kí òun dárúkọ onítọ̀hún, kí ìtàn mi lè pé. Ó wù mí láti gbọ́, mi ò ní í purọ́ fún ìwé ìrántí yìí. Mo ní mi ò fẹ́. Ó ní Tíṣà, ìbá ṣe pé ọjọ́ Ajé tí o kọ́kọ́ wá bi mí lo ti sọ bẹ́ẹ̀.
Lọ́rì gbé e lọ.