Ìgbà Wo Ni Àrò Yóò Kan Oko Bàlíkìsì?

Bàlíkìsì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o wà, mo kí ìwé tí o ń kà. A kò ṣàárẹ̀ níbí, ẹ̀yin náà kò ní ṣàárẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọlọ́run tó mú ọ dé Àjàṣẹ́ kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀. Kí o tó kà síwájú, mo bẹ̀ ọ́, wá ibi jókòó kí o sì di nǹkan mú. Ọ̀rọ̀ ńlá ti ṣẹlẹ̀ nílé. Òbúkọ Séidou ti jẹ ẹsẹ̀ òsì bàtà ìyá rẹ, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà láàyè. Ìyá rẹ náà wà láàyè, àmọ́ kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Séidou wá bẹ̀ wá, ó ní òbúkọ òun kò jẹ irú ẹ̀ rí, mo sì bi í pé ta ló wá kọ́ ọ. A ti gba kádàrá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlàáfíà ni. Òjò rọ̀ dáadáa ní Idigny, àgbàdo ti yọ orí, gbágùúdá náà kò burú. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kékeré kan, òun ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú rẹ.

Àbúrò mi Rachidi, tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pè mí. Ó ní ọdún BAC, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, rèé, ó ní o sọ pé o fẹ́ wọ yunifásítì ní Calavi kí o lè di agbẹ̀bí, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù ọwọ́ lo ń jù kiri pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé líṣé yín, àti pé àṣekágbá ìdíje náà ti súnmọ́ ìdánwò débi pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi èjìká kan ara wọn. Ó ní kí n mú ọ̀kan fún ọ, bọ́ọ̀lù tàbí ìwé. Kò pẹ́ sí i ni ohùn rẹ dé sórí Wasápù Olùkọ́ Gaston, olùkọ́ ìlú wa níbí. O ní kí n má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, pé ibẹ̀ nìkan ni orí rẹ ti máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ìwé. Lẹ́yìn náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún tẹlifóònù náà pé kó má sunkún mọ́, pé mo ti gbọ́, ó sì dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N kò tíì rí ohun tó gbọ́ràn báyẹn nínú ilé yìí.

Gaston tún fi fọ́tò rẹ hàn wá. Àwọ̀n wà lẹ́yìn rẹ, o sì na apá méjèèjì bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó gbọ́wọ́ sókè. Àwọ̀n tí àwa mọ̀, ti ọdẹ ni àti ti apẹja. Ìyá àgbà wò ó, ó bú sẹ́kún, ó ní kí lo jí. Gaston ní o kò jí nǹkan kan, pé ìwọ ni aṣọ́lé, pé àwọn tó kù ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù bọ̀ kó lè wọ inú àwọ̀n, ìwọ nìkan lo dúró síbẹ̀ tí o ń sọ pé kò ní wọlé. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ mà ni! Ta ló ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo wa nígbà tí o wà ní kékeré, bí kì í ṣe ìwọ? O máa ń dúró sórí pẹpẹ, o máa na apá báyìí náà, ẹ̀gà kan kò ní lè bà. Mo máa ń wò ọ́ láti ìdí ebè tí mo bá ń kọ, n kò sì sọ fún ọ, nítorí pé a kì í yin ọmọ lójú rẹ̀. Lẹ́tà nìyí, kì í ṣe ojú rẹ. O ṣe é dáadáa.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká padà sórí ìwé. Gaston ka máàkì rẹ fún mi, ó ní mẹ́rìnlá nínú ogún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé mẹ́fà tó kù ńkọ́, ọwọ́ ta ló wà. Ó ní kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàlíkìsì, ìwọ tí o kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọlé, báwo lo ṣe jẹ́ kí máàkì mẹ́fà jáde?

Ibi tó wá dùn mí jù ni ti àrò. O mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí, lónìí gbogbo wa lọ kọ ebè lóko Barnabé, lọ́la ó di oko Séidou, lọ́tunla ó kan tèmi. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣiṣẹ́ tán tí kò yọjú sóko ẹlòmíràn, gbogbo ìlú ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìwọ, láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé lo ti ń bá àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù, ti gbogbo yín ni. BAC, oko tìrẹ ni. Mo wá ní kí Gaston bá mi pe ọ̀gá ilé ìwé yín. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ, mo wá bi wọ́n pé ọjọ́ wo gan-an ni àrò yóò kan oko Bàlíkìsì, nítorí pé ìdánwò ti dé tán, a kò sì tíì rí ẹni tó gbé ọkọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn. Mo ṣàlàyé pé kí àwọn ọmọbìnrin náà bá ọ wọ yàrá BAC, kí oníkálukú mú ìbéèrè kan, ẹ ó ti ṣe é tán kí oòrùn tó mú. Wọ́n ní háà, Bàbá, wọn yóò lé gbogbo wọn jáde ni. Mo ní ẹ̀yin alákọ̀wé le o, ẹ jẹ́ kí ọmọ jọ ṣeré, ẹ kò jẹ́ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ohùn wọn sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Bá mi kí wọn pé ara ń le.

Àfi bí ohùn rẹ ṣe tún dé. O ní Olùkọ́ Léontine tó ń kọ́ yín ní bọ́ọ̀lù gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀gá, ó sì ti sọ ọ́ dòfin. Bí ẹ bá ti kúrò lórí pápá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tíì relé, ẹ ó jókòó sábẹ́ igi, Nadège tó mọ ìṣirò yóò kọ́ gbogbo yín ní tirẹ̀, ìwọ yóò kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ara ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po. O ní ìṣirò tó máa ń sá fún ọ ti ń dúró báyìí. Mo gbọ́ ọ, n kò lè jẹun. Ìyá rẹ ní ayọ̀ ni. Mo ní ebi kò pa mí ni.

Nítorí náà mo ti dájọ́, mo sì ti sọ fún Rachidi. Máa ju bọ́ọ̀lù rẹ, máa ka ìwé rẹ. Àgbàdo àti ẹ̀wà ń gbé inú ebè kan náà lóko wa, ọ̀kan kò pa èkejì, bí ẹni tó ni oko kò bá ti sùn. Àmọ́ ní ọjọ́ àṣekágbá yẹn ní Pobẹ́, mú ìwé rẹ wọ inú àwọ̀n. Gaston ní nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lápá ọ̀hún, ìwọ kò níṣẹ́. Ìgbà yẹn ni kí o kà á. Tí wọ́n bá ti ń sáré bọ̀, fi ewé kan sí ojú ibi tí o dé. Bí orí bá sì ń fọ́ ọ, pa ìwé dé kí o sùn. BAC kò tóbi tó ọmọ mi. Bó bá bọ́ sí i, inú wa yóò dùn, bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, ilé kò ní sá, èmi náà kò ní sá.

A kò ní wá sí Pobẹ́ o. Bọ́ọ̀lù kò kàn wá, àgbà kì í sì í tìtorí eré ọmọdé pa oko tì. Má wulẹ̀ máa wo ojú ọ̀nà.

Àwọn bàbá yòókù a máa ní kí ọmọ fi owó ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, n kò ní béèrè. Ṣùgbọ́n bí owó oúnjẹ rẹ bá ṣẹ́kù, ra káàdì kí o fi pe ìyá rẹ, bó bá tún ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, òkúta tọ́ọ̀ṣì mi ti kú. Fi fọ́tò kan ránṣẹ́ tí o ti dúró síta àwọ̀n, nítorí Ìyá àgbà ṣì ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọn yóò tú ọ sílẹ̀ láìpẹ́. Mo fi gàrí rán Bienvenu ọlọ́kadà.

Ohun tí o bá kà kò ní sá mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ọwọ́ tí kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé, òun náà ni yóò gba ọmọ tuntun wọ ilé ayé, tìyátọmọ yóò sì máa fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàófíìkì.

Bébà kò sí nílé, ẹ̀yìn ìwé tí mo ti kọ nǹkan sí tẹ́lẹ̀ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ohun tó wà lójú kejì kò kàn ọ́. Má yí i padà.

ÌKÉDE

A ń fi àsìkò yìí kéde fún tọkùnrin tobìnrin àdúgbò wa pé kò sí oko, kò sí àrò, kò sí ọjà ní Sátidé àṣekágbá bọ́ọ̀lù ọwọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù Barnabé yóò gbéra lọ sí Pobẹ́ ní ìdájí. Ìyá àgbà ni yóò jókòó níwájú. Ọ̀gbẹ́ni Rachidi yóò ti Àjàṣẹ́ pàdé wa níbẹ̀, ó ti ra fèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá pariwo nígbà tí aṣọ́lé bá ń kàwé yóò san adìyẹ kan. Bó bá ti pa ìwé dé, a kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan ní ọ̀fun ń dun òun.

Àṣẹ láti ọ̀dọ̀
Tàófíìkì, Alága Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn Aṣọ́lé.