Ìwé Àṣẹ Ọ̀bọ Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù 2025

Ìjọba tún ti dé. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri káàkiri àdúgbò wa ní Ìbà: ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ọ̀bọ nílé, kó lọ gba ìwé àṣẹ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ẹni tó ni ín gan-an ni kó tẹ̀ka sí i. Ẹni tí ò bá gbà á, wọ́n á wá kó ọ̀bọ ẹ̀ lọ. Mo kà á fún Màámi. Wọ́n kàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Alága.

Èmi ni mo sọ ọ̀bọ Bàbá ní Alága. Nígbà tí Bàbá wà láyé, ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ọwọ́ ẹ̀ kan lórí orúnkún wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, oṣù kẹrin rèé, orí àga yẹn ló wà. Kì í sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Abọ́ mẹ́ta la ń lò nílé yìí: ti Màámi, tèmi, ti Alága. Tí kò bá jẹ, Màámi ò ní jẹ. Tí wọ́n bá wá mú un lọ, Màámi ló kàn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, 4

Mo gba fọ́ọ̀mù. Orúkọ ẹni tó ni ẹranko? Mo fẹ́ kọ ti Màámi. Màámi ní rárá o, ẹbí ò tíì pín ogún, ó di ìgbà tí Bàbá bá pé ọdún. Àbúrò Bàbá ò ní rí i sọ pé àwọn ti ń kó nǹkan olóògbé. "Ti bàbá ẹ ṣì ni. Orúkọ ẹ̀ ni kó o kọ, Faridah."

Mo kọ ọ́: Yésúfù Adébọ̀wálé. Mo fi àtàǹpàkò tèmi tẹ̀ ẹ́. Mo ti parọ́ fún ìjọba — kí n sòótọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan pè. Ohùn tín-ín-rín. Ohùn Abẹ́rẹ́ ni mo sọ ọ́. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo ilé, òun sì gbọ́dọ̀ bá Bàbá níbẹ̀. Mo ní wọ́n lọ sí Ìjánìkin. Ó ní kò burú, òun á yà lọ́jọ́ míì. Kò sọ ọjọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Alága ń wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, bíi ti Bàbá. Màámi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 18

Mò ń rán ṣòkòtò oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomáíkò nígbà tí Ohùn Abẹ́rẹ́ pè. Ó ní òun ti dé ilé wa, gbogbo ẹ̀ ti parí. Mo bi í pé ta ló bá nílé. Ó ní Bàbá ni, àwọn ló ṣílẹ̀kùn fóun. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wúkọ́ ṣáá, ká bá wọn wá oògùn.

Mo sáré délé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tá a ní, Màámi so ó mọ́ ọrùn lọ sí Navy Town láti àárọ̀. Mo dúró síta títí wọ́n fi dé. A wọlé. Alága wà lórí àga, bó ṣe máa ń wà.

Irọ́ ni okùnrin yẹn ń pa. Ọ́fíìsì ẹ̀ ló jókòó sí tó ń kọ ọ́ pé òun wá. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Ìwé àṣẹ dé. Ọdún kan gbáko. Màámi fi etí ìbòrí nu ojú, wọ́n ń dúpẹ́.

Wọ́n lẹ fọ́tò ọ̀bọ mọ́ ọn. Pálọ̀ wa ni. Kọ́tìnnì wa ni. Ó wọlé lóòótọ́ nígbà náà. Àga Bàbá wà láàárín, kò sẹ́ni lórí ẹ̀. Alága wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó na ọwọ́ kan, ó gbé e lé ibi tí orúnkún Bàbá máa ń wà. Ọwọ́ yẹn ò kan àga. Kò kan nǹkan kan.

Mo fi han Màámi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n ń bu oúnjẹ, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ kalẹ̀. Mo kà á. Mẹ́rin.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Alága ti sọ̀kalẹ̀ lórí àga.