Eyín Tí Mo Jù Sórí Òrùlé

Yeonhwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Seoul? Ṣé o ń jẹun? Òtútù ò ní rí ọ gbé ṣe o. Àwa ńlé wà dáadáa, bàbá rẹ ṣì ń bá àwọn adìyẹ jà, a sì ti ki ẹ̀fọ́ kimchi ọdún yìí sínú ìkòkò.

Owó eyín tí o fi ránṣẹ́ dé, mo sì ti lọ bá dókítà eyín, kí ẹnu mi lè ṣeé fi hàn àwọn àna rẹ tí a fẹ́ wá pàdé lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun á ya fọ́tò. Mo tún irun ṣe, mo rẹ́rìn-ín dáadáa, àfi bí fọ́tò ṣe jáde tí kò sí ojú mi níbẹ̀, kìkì eyín! Ó ní mẹ́ta ti jẹrà. Súìtì yeot tí mo ń jẹ ló fà á, má wí fún bàbá rẹ.

Ó gbẹ́ ìdọ̀tí inú ọ̀kan, ó dí i. Èkejì, ó yọ iṣan inú rẹ̀, ó fi ìdérí bò ó. Mo ní ṣé ó ti kú nìyẹn? Ó ní ó ti kú, àmọ́ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ wá fi ìyẹn kọ́ bàbá rẹ tó wà láàyè.

Ẹ̀kẹta, ti iwájú, kò ṣeé tún ṣe mọ́, ló bá yọ ọ́. Ó ní òun lè fi eyín àtọwọ́dá dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ rin ara eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kéré kó lè rí ibi dì mú. Háà! Kí làwọn yẹn ṣe? Mo gba eyín mi, mo bọ́ síta, mo jù ú sórí òrùlé rẹ̀, mo bẹ ẹyẹ kkachi kó gbé ògbólógbòó lọ kó mú tuntun wá, bí mo ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Dókítà ní Màmá, ọmọdé nìkan ni ẹyẹ yẹn ń dá lóhùn. Mo ní bóyá àwọn àgbà tó kù ò bẹ̀ ẹ́ dáadáa ni.

Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kan ibẹ̀, kò tíì sí nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí, Yeonhwa. N ò fẹ́ kí wọ́n wo ẹnu mi kí wọ́n máa bèèrè irú ilé tí o ti wá. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti ọkọ̀ àti ti eyín àtọwọ́dá, bí ẹyẹ bá pẹ́.

Àwọn baba ńlá wa á máa ṣọ́ ọ, ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Bí eyín ò bá tíì sí lọ́jọ́ náà, màá pa ẹnu mọ́, bàbá rẹ lá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yìn ọ́ lójú mi, màá rẹ́rìn-ín, n ò lè pa á mọ́ra. Kí o yáa forí jì mí.

Èmi ìyá rẹ,
Sundeok