Bí A Ṣe Sọ Ọkọ-Ìyàwó Lórúkọ

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Ilé Omi.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Akọ̀wé mi àtàtà, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àgbà tó ń ṣe ìdánwò nígbà tó o kọ̀wé kẹ́yìn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti jáwọ́ nínú dídá pákó gbé? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Eyín wọn ti dín sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò dín. Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti orúnkún tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Akọ̀wé, jókòó kó o tó ka èyí tó kù. Ìyàwó Ọkọ-Ìyàwó ti kú. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lánàá tí a sin ín.

O ò lè gbàgbé Ọkọ-Ìyàwó, torí ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ, èmi ni mo sì gbé orúkọ náà káàkiri. O rántí ìṣe rẹ̀: bí aago mẹ́rin bá ti lù, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, yóò gbé òòlù sílẹ̀, yóò gbọn èérún pákó kúrò lára, yóò fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó dilé. Kò bá wa jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ rí. Lọ́jọ́ kan lo dá ayùn dúró, o ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ ìyàwó máa lọ o, kí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé má baà sunkún." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín títí ìṣó tí mo fẹnu mú fi bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn di ohun ìgbàgbé. Kódà bí ọ̀gá bá ń pín iṣẹ́, "Ilẹ̀kùn méjì, Ọkọ-Ìyàwó" ni wọ́n ń wí.

Jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Kì í ṣe ìfẹ́ ló bí orúkọ yẹn. Ohun tí à ń sọ bó bá ti yí ẹ̀yìn padà ni pé ẹ̀rù ìyàwó ń bà á, pé obìnrin ló ń darí rẹ̀. Àwa ọkùnrin náà kúkú nìyẹn. A lè fi ọdún mẹ́wàá pe ẹnì kan ní Alága, ká má béèrè bóyá ó rí àga jókòó lé nílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ọkọ-Ìyàwó kò wá síṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n lọ wò ó. Ọdún mọ́kànlá tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́, n ò dé ilé rẹ̀ rí. Ṣe ni mo ń béèrè lójú ọ̀nà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún: ìyàwó ti kú lóru. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọdún kejìlá rèé tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ apá kan ti kú lára ẹ̀gbọ́n òun. Òun ló máa ń jókòó tì í láti àárọ̀. Bó bá di aago mẹ́rin ààbọ̀, òun náà gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀, ọkọ ni yóò sì gbà á: òun ni yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò fún un lóúnjẹ, tí yóò yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, Akọ̀wé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò ìyàwó yìí wá bá àwa ará ṣọ́ọ̀bù níbi tí a jókòó sí, ó béèrè pé ta ni nínú wa ló sọ ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ní Ọkọ-Ìyàwó. Mo dorí kodò. Mo rò pé èébú ló kàn, mo sì ti gbà pé ó tọ́ sí wa. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn náà ti wọ́ ẹnu ẹ̀gbọ́n òun ni kò ti fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó gbọ́ orúkọ yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, orúkọ tóun náà ń pè é nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ṣì ń já gaara lẹ́nu rẹ̀ kò tó márùn-ún, orúkọ náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí mo sọ pé ẹni náà kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ báyìí. Bó ṣe rí lára mi nígbà tí wọ́n rán mi, kó rí bẹ́ẹ̀ lára ìwọ náà.

Nígbà tó padà síṣẹ́, gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan pé a ò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Bàbá" la ń pè é. A rò pé àánú là ń ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó pè mí sẹ́yìn pákó.

"Lọ́yà, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní kò ṣe wá ní nǹkan kan.

"Ẹ ò pè mí mọ́. Nílé, kò sẹ́ni tó ń pè mí. Mo dé ibí, Bàbá, Bàbá, bí ẹni pé èmi ni mo kú."

Mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un pé yẹ̀yẹ́ ni èmi àti ìwọ fi ṣe. Ó gbé òòlù tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀.

"Mo mọ̀. Ṣé ọmọdé ni mí? Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mo fẹjọ́ yín sùn ún nílé. Mi ò tíì rò ó tán tó fi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ó ti lé lọ́dún kan tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Kí ni kí n tún bá yín jà fún?"

Mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó kù. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ló kọ́kọ́ pe orúkọ náà. Ó dáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn yòókù ti ń pè é. Èmi kò tíì lè pè é.

Aago mẹ́rin ló ṣì ń fọ ọwọ́. Mo tẹ̀ lé e délé lánàá. Ó ṣí fèrèsé, ó gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí, ó fún mi ní omi, a wá jókòó. Mi ò mọ ohun tí ọkùnrin ń bá ọkùnrin sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá, ẹ̀fẹ̀ nìkan la bá ara wa kọ́. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "O ò kánjú, àbí?" Mo tún jókòó.

Má fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí i o. Wọ ọkọ̀, kó o wá. Àwa méjèèjì ni ká jọ jókòó tì í.

Bá mi kí ìyàwó rẹ gidigidi, kó o sì fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Lọ́yà.