Dókítà Mi Orí sí Mi

Màámi ní Troyan, ní Bulgaria,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Fóònù mi ló ń ṣe ségesège tí mo fi kọ̀wé, ẹ má rò ó sí nǹkan mìíràn. Bologna níbí ní Italy dára, màmá àgbà Ines tí mò ń tọ́jú sì ń kí yín.

Eyín tó ń dùn mí lọ́jọ́sí, wọ́n ti yọ méjì, síbẹ̀ ìrora ò lọ. Ni Dókítà Ravasi bá ní, "Kí ló máa ń jẹ́ kó rọ̀?" Mo ní ọtí rakíà yín ò ràn án, àmọ́ tí mo bá ti lo aspirin, ìrora náà á lọ pátápátá. Ńṣe ló fò dìde! Ó fi fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi hàn mí: àmì funfun kan, òrùka dúdú yí i ká, bí ojú ẹja. Màámi, kókó eegun kékeré kan ló ń hù nínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi! Aspirin lásán ló sì tú àṣírí ẹ̀, torí ó ní irú kókó yìí nìkan ni aspirin máa ń pa ìrora ẹ̀ báyìí.

Mo bi í pé, "Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Nílé wa, "bẹ́ẹ̀ ni" nìyẹn! Mo bú sẹ́kún. Màmá Ines ní, "Òpònú! Rárá ló ń sọ! Níbí, ẹni tó bá mi orí, rárá ló wí."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gé e, wọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá mi kí Gergana. Bí Bàbá bá bi yín bóyá ara mi yá, ẹ sáà mi orí fún wọn.

Yordanka yín.