Sípánà Tí Ọ̀gá Olúgbádé Fi Pamọ́

Èmi, Sámúẹ́lì Àkànbí Ọ̀ṣuntókun, púlọ́ńbà, ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ Ìkirè tí ó ti sọ Ifo di ilé, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìhágún yìí fún aya mi, àwọn ọmọ mi, àti ẹni tí yóò pín ogún mi. Orí mi pé, ojú mi ríran kedere, n kò sì mutí. Orúnkún nìkan ló ń dùn mí, a kì í sì í fi orúnkún kọ̀wé.

1. Mùsáfírù aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ni mo yàn láti pín ogún mi. Ogún ọdún la ti fi ń jà lórí ẹni tó ni igi àgbálùmọ̀ tó wà láàárín wa. Ẹni tó lè bá mi jà lójúkojú tó bẹ́ẹ̀ kò ní rẹ́ mi jẹ lẹ́yìn. Mo fi igi náà sílẹ̀ fún un. Mùsáfírù, ó tán o, má bá òkú jà.

2. Ilé mi oníyàrá mẹ́rin, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ti Tòún aya mi ni. Kí ẹbí kankan má ti Ìkirè wá bá a dù ú. Ẹ̀rọ omi ilé bàbá rẹ̀ ni mo wá tún ṣe tí mo fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Bàbá rẹ̀ ń pariwo pé púlọ́ńbà yìí kò mọṣẹ́, kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo bá wá gan-an ni mo ń ṣe. Tòún, mo fẹ́ràn rẹ nígbà náà, mo fẹ́ràn rẹ dòní.

3. Ayọ̀wálé ọmọkùnrin mi, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ló ni alùpùpù àti àgbò mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá mi di páìpù mú rí, ó sì fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn rẹ̀. N kò bínú sí i. Àgbò náà ti kàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó kan akọ̀wé náà wò.

4. Ṣọ́ọ̀bù, páìpù, gbogbo irinṣẹ́ mi, àti sípánà ńlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ti Ọmọ́títí ọmọbìnrin mi ni, tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo bá kú, kí ẹ kà á sí ẹni tó ti gba fíríídọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lẹ́ẹ̀mẹta ni Ọmọ́títí ti kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní fíríídọ̀mù, kí òun lè dá ṣọ́ọ̀bù tòun sílẹ̀ ní Mowe, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé bí ẹni ń gbin àgbàdo. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ní kò tíì tó. Irọ́ ni mo pa. Ó mọ ibi tí omi ti ń jò kí èmi tó wọ bàtà mi tán. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé yóò ku èmi nìkan sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú sì tún ń tì mí, nítorí èmi fúnra mi kò gba fíríídọ̀mù.

Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀gá ló ń fi sípánà lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, tí yóò sì gbàdúrà sí i lórí lójú àwùjọ, kí ó tó lè dá dúró. Ní ọdún 1961, ó ku oṣù mẹ́fà kí Ọ̀gá Olúgbádé, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, ṣe fíríídọ̀mù mi ní Àgbàdo, ni mo sá wá sí Ifo, mo lọ gba iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò sí. N kò dán páìpù wò, mo ní kí bíríkìlà rẹ́ ògiri bò ó. Ọjọ́ tí omi òjò kún táǹkì, omi ń jáde lára ògiri níbi márùn-ún. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di Ìkirè!

Nígbà tí Ọ̀gá mi gbọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá, wọ́n fọ́ ògiri, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, wọ́n sì sọ fún onílé pé iṣẹ́ àwọn ni, àwọn làwọn jẹ̀bi. Orúkọ mi tí wọn kò jẹ́ kó bàjẹ́ yẹn ni mo fi padà wá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, òun ni mo fi ń jẹun dòní. Fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, n kò lè lọ kí wọn.

Ní oṣù tó kọjá, Ọmọ́títí lọ bá wọn láìsọ fún mi, ó bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n wá. Mo lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orúnkún mi kọ̀, ènìyàn méjì ló gbé mi dìde. Bàbá wọ yàrá, wọ́n gbé sípánà ńlá kan jáde, ó ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Wọ́n ti rà á de fíríídọ̀mù mi láti ọdún 1961. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún mi. Mo sunkún bí ọmọdé.

5. Mo wá tún abala kẹrin kà. Ṣé ikú mi ni ọmọ mi yóò máa retí kí ó tó dá dúró? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo fagi lé ọ̀rọ̀ sípánà àti fíríídọ̀mù nínú abala náà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, n ó fi sípánà náà lé Ọmọ́títí lọ́wọ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ (Mùsáfírù, igi ṣì jẹ́ tèmi lọ́jọ́ náà), n ó sì fi ẹnu ara mi gbàdúrà fún un. Kí ó máa lọ sí Mowe. Kí ó da omi sí páìpù kí ó tó jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ògiri. Nígbà tí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wá sípánà nínú ẹrù mi. Yóò wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Ifo, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 1988.

S. A. Ọ̀ṣuntókun, púlọ́ńbà

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Stella Káyọ̀dé, tísà, Ifo

Olúgbádé Fọláwẹ̀mí, púlọ́ńbà, Àgbàdo, ọ̀gá ẹni tó kọ ìwé yìí