Dókítà Tó Ní Ẹ̀jẹ̀ Kì í Ṣe Wòlíì

Òkè-Ẹlá, Ìlarò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá.

Títílọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle, kí òtútù Jọ́ọ̀sì má ráyè wọ inú eegun yín. Ní tèmi, mo ń jẹun, mo ń sùn, ara mi sì yá. Inú tó ń bí mi nìkan ni kò tíì rọlẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O béèrè ohun tó dé tí mo fi kúrò ní ilé ìwòsàn Dókítà Ọládọ̀tun lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. N kò kúrò o, ó lé mi ni. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó fi ìwé ẹ̀rí mẹ́rin kọ́ ara ògiri, kò sì tún ka ìwé kankan mọ́ láti ọjọ́ tó ti kọ́ wọn síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ibà ni. Bí ibà kò bá jáde nínú ẹ̀jẹ̀, táífọ́ọ̀dù ni. Bí méjèèjì kò bá jáde, a jẹ́ pé èmi tí mo wo ẹ̀jẹ̀ ni n kò mọṣẹ́. "Jemima, lọ fọ ojú rẹ, kí o padà lọ wò ó dáadáa." Níwájú aláìsàn ló ti máa ń sọ ọ́, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì tí mo bí lọ́mọ.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn olùwádìí kan wá láti yunifásítì, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ara wọn ń gbóná lágbègbè wa. Ibà dẹ́ńgì ni wọ́n ń wá, èyí tí ẹ̀fọn ọ̀sán ń gbé kiri. Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ èmi àti ìwọ nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá mú ló máa ń fi sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bá àwọn díẹ̀ dé bèbè ikú, ẹ̀jẹ̀ sì lè tètè sọ ẹni tí yóò le fún. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wá àmì tó máa hàn láti ọjọ́ kìíní, ọwọ́ àwọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, kí a máa ka pílétílẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́, kí a sì máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ki sí. Wọ́n fi páálí ohun èlò ìdánwò kan sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì rẹ̀, tó ń nu ojú. "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe wòlíì," ó ní. "Bí mo bá fẹ́ àsọtẹ́lẹ̀, mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí màá lọ."

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé Roheemat dé, akẹ́kọ̀ọ́ pólì, ọmọ ogún ọdún. Bàbá rẹ̀, Bàbá Rájí, tó ń dáko ní Ìwòyè-Kétu, ló tẹ̀ lé e. Orí ń fọ́ ọmọ náà, ẹ̀yìn ẹyinjú ń dùn ún, kò sí oríkèé tí kò ro ó. Bàbá ní palu ni, bí àwọn ará òdìkejì ibodè ṣe ń pe ibà. Mo wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ibà níbẹ̀. Mo ṣe ìdánwò dẹ́ńgì, ìlà méjì yọ gedegbe. Mo gbé èsì náà lọ fún Dókítà. Kò wò ó. Ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí, ó sì kọ abẹ́rẹ́ ibà àti abẹ́rẹ́ ara ríro fún ọmọ náà, ìyẹn irú abẹ́rẹ́ tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí dẹ́ńgì mú.

Lọ́jọ́ kẹta àìsàn náà, pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje. Lọ́jọ́ kẹrin, ó di ọgọ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó di ọgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ki bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ara rẹ̀ tutù. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Dókítà wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín Òkun Pupa níyà, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ibà ni mo wí. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Títílọpẹ́, n kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹfà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti Ìlobì, Mùínátù, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Mo rí i tí iye tirẹ̀ náà ń já wálẹ̀. Dókítà ju ìwé èsì mi sápá kan, mo sì dákẹ́. Mo ní, kí ló kàn mí, òun ni dókítà. Ara Mùínátù tutù, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó yà kí mi lẹ́nu ọ̀nà láàbù tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: "Ẹ ṣé o, nọ́ọ̀sì." Kò pé ọjọ́ méjì tí wọ́n fi sin ín. Dókítà ní àgbo tí wọ́n fún un nílé ló pa á. Mo kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ara mi ni mo kọ́kọ́ kórìíra.

Nítorí náà, mo sáré bá Bàbá Rájí lẹ́nu géètì. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sílé. Omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń jò jáde nínú iṣan, ohun tó sì yẹ kó dí ojú ihò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ara tó tutù yìí kì í ṣe ìwòsàn. Òní àti ọ̀la ló léwu jù." Bàbá tí kò ka ju ìwé mẹ́ta lọ wo ojú mi, ó bi mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Níbo ni ká gbé e gbà?" Ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà yẹn lọ́jọ́ náà nìyẹn, oko ló sì ti wá.

Mo kọ iye ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, mo bá wọn wọ ọkọ̀, ó di Abẹ́òkúta. A kò tíì kọjá Pápáláńtó tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀. Bàbá ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan gba ìwé ọwọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló kọ èyí?" Mo rò pé ìjà dé. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ń fa omi sí i lára díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra. Lọ́jọ́ kẹrin, Roheemat ní òun fẹ́ jẹ àkàrà.

Nígbà tí mo padà sí Ìlarò, ìwé tí Dókítà fi lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ti wà lórí tábìlì mi. Ó ní mo jí aláìsàn òun gbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin yìí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run fi ọwọ́ òun gba ọmọ àgbẹ̀ kan là. Mo wà lórí ìjókòó kẹta. Mo wò ó títí ó fi jókòó, kò sì jẹ́ kí ojú wa pàdé.

Toheebat, tó ní láàbù kékeré kan lójú ọ̀nà Ayétòrò, gbà mí síṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nígbà tí ìyàwó Dókítà wọlé, gèlè rẹ̀ wọ́. Ara ọkọ rẹ̀ ń gbóná. Kò gba abẹ́rẹ́ ibà, kò gba abẹ́rẹ́ ara ríro, ó ní èmi nìkan ni kí ó wá gba ẹ̀jẹ̀ òun. Mo lọ. Dẹ́ńgì ni. Ẹni tí kò ka ìwé mi fún ọdún mẹ́sàn-án wá ń há iye pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí bí ọmọdé tó ń há ẹsẹ Bíbélì. Láàárọ̀, ó ní kí n kà á. Nírọ̀lẹ́, ó ní kí n tún un kà. Jemima ti di "Ẹ̀gbọ́n mi". "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó máa le? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi." Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn! Ó ń di etí aṣọ mi mú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ tutù. Mo gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù, mo jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà, kò sì ki. Kò ní le fún un. Títílọpẹ́, inú mi kò dùn. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni mo ti ń retí láti rí. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Ó tún sọ sí mi lọ́kàn pé bí mo bá dúró di ọjọ́ kejì kí n tó sọ fún un, ta ni yóò mọ̀? Kí ó fi ọjọ́ kan péré mọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí. Mo kọ iye náà sílẹ̀ bó ṣe rí, mo sì gbé e fún un ní wéré. "Ẹ̀jẹ̀ yín dáa," mo ní. Ó sunkún, ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo ní rárá, mo sì kó àpò mi. Mo ṣì ń fojú tín-ín-rín wò ó, n kò sì ní parọ́ fún ọ pé mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Kí Ọlọ́run pa ilé yín mọ́. Kí ó má jẹ́ kí àìsàn gbé yín dé ọwọ́ òmùgọ̀, kí ó sì má sọ èmi àti ìwọ di irú wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà tí a ti jọ ń pín bẹ́ẹ̀dì kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì,
Jemima.

Àfikún: Bí o bá rí ohun èlò ìdánwò dẹ́ńgì rà ní Jọ́ọ̀sì, bá mi fi páálí kan ránṣẹ́. Mẹ́rin péré ló kù lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti tán. Ẹyọ kan ló tó aláìsàn kan, àmọ́ Dókítà Ọládọ̀tun ní kí n lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún òun, kí ó lè dá òun lójú.